Ihò Mẹ́ta Tí Àbúrò Mi Gbẹ́ Nítorí Òtútù

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé "owó ẹ̀ á padà," màá dìde kúrò níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ lórí fóònù.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà. Agric ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní òkè òkun, ní ìlú kan tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún lọ́dún. Ìyá wa ń gbé Ẹ̀pẹ́, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, kò jìnnà sí Ọjà Olúwo níbi tí wọ́n ti ta ẹja yíyan títí orúnkún wọn fi kọ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sọ́dọ̀ wọn. Màá fọ aṣọ, màá se ọbẹ̀ tí yóò tó wọn di àárín ọ̀sẹ̀, màá sì fi owó oògùn ojú sílẹ̀ kí n tó máa lọ.

Oògùn ojú yìí ṣe pàtàkì. Dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn tó wà lójú ìyá wa kì í dunni, ṣe ló máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà mọ́. Kí wọ́n máa kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyẹn nìkan ló lè dá a dúró. Ìyá wa gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí a jáde, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé àwọn fẹ́ rí ojú ọmọ àwọn ọkùnrin kí ojú tàwọn tó fọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àbúrò mi ti lọ. Ó sì ti ṣèlérí pé ọdún yẹn gan-an lòun ń bọ̀, ó ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú.

Bí òtútù ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé rẹ̀ gbóná bá dákẹ́. Gáàsì ló ń lò, ó sì ní owó gáàsì náà ti ń bọ́ òun láṣọ. Ó wá pè wá lórí fídíò, ó ní ọ̀nà mìíràn wà: wọ́n á gbẹ́ ihò jíjìn sínú àgbàlá òun, bí ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ bọ́hóòlù, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́, omi á máa lọ á máa bọ̀ nínú ẹ̀, á sì máa gbé ooru abẹ́ ilẹ̀ wá sínú ilé. Lójú tèmi, wọ́n ti lu ọmọ yìí ní jìbìtì. Èmi tí mò ń wá ibi tí màá gbé ooru Agric sá sí, àbúrò mi fẹ́ sanwó láti hú u jáde nínú ilẹ̀!

Ìyá wa ló kọ́kọ́ yé. Wọ́n bi mí pé ṣé mi ò rántí pé omi kànga wa máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí omi inú ìkòkò bá tutù bíi kó géni lọ́wọ́? Wọ́n ní ooru wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá ti fa omi rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú àbúrò mi dùn gan-an. Ó ní ìyá òun gbọ́n ju gbogbo àwọn tó ń gbé àdúgbò òun lọ.

Ibi tó ti dùn mí ni ìgbà tó dé orí owó. Owó ọkọ̀ òfuurufú yẹn máa wọnú ẹ̀, yóò sì tún yá sí i. Ṣùgbọ́n kò ní san owó gáàsì mọ́, nítorí náà láàárín ọdún mẹ́sàn-án, owó ẹ̀ á padà. Mo ṣírò ọjọ́ orí ìyá wa lọ́kàn mi. Mo pe àbúrò mi padà nígbà tí mo délé, mo bi í pé ta ló fẹ́ jókòó dè é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mi ò lè sùn nínú òtútù." Òótọ́ ló sọ. Mo kàn bínú ni.

Ní ìdílé wa, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ láìṣe sàárà. Ì báà ṣe kànga, ì báà ṣe ìpìlẹ̀ ilé, a gbọ́dọ̀ dín àkàrà, kí a pe àwọn àáfà, kí wọ́n ṣàdúà, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá mú níbẹ̀. Ìyá wa ní ilẹ̀ òkè òkun náà, ilẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ihò àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, àkàrà ń jáde nínú epo ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kó àkàrà ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ni.

Ihò yẹn kan àpáta. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ béèrè owó lé e. Àbúrò mi sọ fún ìyá, ìyá tún ṣe sàárà fún ihò kejì. Ẹrẹ̀ ya wọnú ìyẹn, iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, owó tún gorí owó. Wọ́n tún ṣe sàárà fún ẹ̀kẹta, èyí sì tóbi ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá pé níbo ni wọ́n ti ń rówó ẹ̀wà àti epo. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ló ń dá sí i. Ó yẹ kí n wádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, tó tún wọkọ̀ wá fọ aṣọ, kì í lágbára ìwádìí. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ náà parí. Kí n má purọ́, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ilé gbóná láti òkè délẹ̀, àwọn ọmọ ń rìn láìwọ bàtà nígbà tí yìnyín ń bọ́ níta. Owó gáàsì lọ pátápátá. Àmọ́ iná mànàmáná ló ń ti omi yẹn kiri, nítorí náà owó iná lọ sókè. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kéré sí ohun tó rò. Bó ṣe fi owó àpáta àti ti ẹrẹ̀ kún un, ọdún mẹ́sàn-án di mẹ́tàlá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ohùn ẹ̀ sì ti wálẹ̀. Mo ní kò burú. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú ẹ̀ sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Sátidé kan báyìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ẹ̀pẹ́, ó pè wá. Mo gbé fóònù lé ìyá lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, ó ní òun fẹ́ kí ìyá rí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe sàárà fún. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá tó wà lábẹ́ ilé, ó yí kámẹ́rà síta. Mo yọjú láti ẹ̀yìn ìyá: àpótí irin funfun kan ló wà lójú fóònù, ó ga tó èèyàn, páìpù méjì wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn àbúrò mi ń ṣàlàyé.

Ìyá wa rẹ́rìn-ín sí àpótí náà. Wọ́n fi ìka ra ojú fóònù, wọ́n ní, "O mà ti sanra, ọmọ mi. Ojú ẹ ò yàtọ̀ rárá."

Ẹ̀rọ yẹn nìkan là ń gbọ́. Ìyá ń bá a lọ ní tiwọn, wọ́n ń ṣàdúà fún un.

Mo gba fóònù, mo jáde sí àgbàlá. Ó ní, "Àǹtí, láti ìgbà wo?"

Èmi tí mo máa ń wá ní gbogbo Sátidé, mi ò mọ̀.

Mo wọlé lọ mú ìgò oògùn tó máa ń wà lójú fèrèsé. Ó ti gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Mo jókòó síwájú wọn, mo béèrè ohun tí wọ́n fi owó oògùn ṣe, mo sì ti mọ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Ihò mẹ́ta ni, sàárà mẹ́ta. Ṣé kí n wá máa wò kí ilẹ̀ àjèjì gbé ọmọ mi lówó lọ ni?" Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sórí oògùn náà tí ọwọ́ àbúrò mi bá ti dilẹ̀. Wọ́n ní gbogbo igun ilé làwọn mọ̀, kò sí ìdí láti dà mí láàmú, ó ti rẹ̀ mí jù.

Mo sunkún níwájú wọn. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá wa kú.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, dókítà tan iná sí ojú méjèèjì. Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ṣì mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ìyẹn ni oògùn á máa bá wa tọ́jú.

Mo sọ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sunkún, ó ní òun á yáwó, òun á dé kí oṣù tó parí kí ìyá lè rí òun. Mo ní kó tẹ́tí sí mi dáadáa: wọn ò ní rí i mọ́, ọwọ́ ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti dá irùngbọ̀n sí láti ìgbà tí òun ti lọ, pé ṣé kí òun fá a kí òun tó máa bọ̀.

Mo ní kó fá a.