Ọwọ́ Òsì Tí Mi Ò Lè Nà sí Ìyá Àgbà

Kílíníìkì kan ní Ìbàfọ̀ ni mo ti ń nu ilẹ̀ nígbà tí ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ yẹ iṣan wò ní òun lè kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní girama. Obìnrin náà ní kò burú, oṣù mẹ́ta ni òun máa fi wò mí. Bí ọwọ́ mi bá gún, òun á bá àwọn tó ni kílíníìkì sọ ọ́ kí wọ́n gbà mí. Kò sẹ́ni tó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ mí rí. Láàárọ̀, nínú mọ́tò tí mo ń wọ̀ láti Mówè, mo máa ń fi ìka tẹ ọrùn-ọwọ́ ara mi, mo ń wá ibi tí iṣan gbà.

Iṣan ló ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọwọ́. Bí ọwọ́ ènìyàn bá ń kú ṣáá, a ó lẹ ohun pẹlẹbẹ kan tó ní gọ́ọ̀mù mọ́ ìdí àtàǹpàkò, a ó fi iná kékeré ta ọrùn-ọwọ́, kọ̀ǹpútà á sì sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yára dé tó. Ohun tí a fi ń ta iná náà ní orí méjì, dúdú àti pupa. Dúdú ní ń ṣíwájú, òun ló gbọ́dọ̀ kọjú sí àtàǹpàkò. Ọwọ́ òsì la fi ń mú un, nítorí ọ̀tún wà lórí kọ̀ǹpútà. Ara wa la fi ń kọ́ṣẹ́: mo ta ọ̀gá, ọ̀gá ta mí. Mi ò ṣì í rí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí ọ̀gá ní kí n dá yẹ aláìsàn wò. Ìyá àgbà kan ló wá láti Ifọ̀, gàrí ló ti ń yan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, ó wá wo àwọn wáyà náà.

“Iná tí kò dé ilé mi láti ìjẹta, ara mi lẹ wá fẹ́ tàn án sí?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì mi ti nà dé iwájú ìyá kí n tó rí i pé ọwọ́ náà ló ń wò. Nílé wa, ọmọ tó bá na òsì sí àgbà, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Ni mo bá pààrọ̀ ọwọ́. Bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ni orí méjì náà yí padà: pupa bọ́ síwájú, dúdú bọ́ sẹ́yìn. Mi ò kíyè sí i. Mo ta ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ń pẹ́ kó tó dé, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan ìyá ti bàjẹ́.

Ọ̀gá wo ohun tí mo kọ, ó tún yẹ ìyá wò fúnra rẹ̀. Iṣan ìyá kò burú tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó pè mí síta, ó ní ṣé mo mọ̀ pé nítorí ohun tí mo kọ, àwọn dókítà ì bá fi ọ̀bẹ la ọrùn-ọwọ́ màmá yẹn lásán, ó sì bi mí ìdí tí mo fi pààrọ̀ ọwọ́. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Ilẹ̀ tí mo nù láàárọ̀ ni mo ń wò.

“Bó o bá ní o ò mọ̀, mo lè tún kọ́ ẹ,” ni ọ̀gá wí. “Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Ó dúró dè mí. Mo wọlé lọ ká àwọn wáyà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó ti parí girama wá fún iṣẹ́ náà.

Èmi ni mo ṣì ń nu yàrá náà. Lánàá, bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà na òsì sí i, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọwọ́ òsì mi, iṣẹ́ ló fà á.” Bàbá ní kò sí wàhálà, ó sì na ọwọ́ fún un. Mo gbé garawa mi, mo jáde.