Ìlà Tí A Kúnlẹ̀ Sí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tí ẹ ń bi mí léèrè ìdí tí ẹgbẹ́ wa fi ń fi ìwé dìbò lónìí, tí ẹnikẹ́ni kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ọdún tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ló ṣẹlẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan ní Igbó Ẹfọ̀n.

Kí ìbò tó dé, àwa obìnrin inú ẹgbẹ́ ti máa ń pàdé ní pálọ̀ mi ní Addo lọ́sàn-án Sátidé. A ó gbé fóònù sáàárín tábìlì kí ó máa gba ohùn wa sílẹ̀, a ó wá máa bi ara wa léèrè: ta ló kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o lè kọ̀wé? Níbo lo ti ń kọ ọ́? Ta ni inú rẹ̀ kò dùn sí i? Àlàájà, lọ́yà tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì kan lọ́nà Igbó Ẹfọ̀n, sọ pé inú mọ́tò lòun ti ń kọ ìtàn òun, níwájú géètì, kí òun tó wọlé.

Ó ní, "Bí mo bá ti kọjá géètì yẹn, ìyá ẹni tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ ni mo dà."

Màmá Lakowe, tí à ń fi ìlú wọn pè, ni àgbà wa. Aláṣọ funfun ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kíkọ ìran sílẹ̀: bí ẹ̀mí bá gbé ẹnìkan, tó ń sọ ohun tó rí, Màmá ló ń sáré kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà má baà sọnù.

"Ìran ẹlòmíràn ni mo fi ìgbà èwe mi kọ," wọ́n sọ fún wa. "Lọ́jọ́ kan mo bi ara mi pé, èmi alára ńkọ́? Kí ni mo rí? Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀."

Irú ọ̀rọ̀ báyìí la fẹ́ kó jọ di ìwé. Ó ń kán Màmá lójú ju gbogbo wa lọ, nítorí dókítà ti sọ pé ojú wọn ń lọ, kò sì ní padà. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi ojú ara mi kà á," ni wọ́n máa ń wí. Wọn kì í pariwo rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lọ́dún. Alága wa, bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, kọ̀ jálẹ̀ pé ìwé náà kò ní jẹ́ tiwa. "Ẹ̀yin ọmọ mi," wọ́n ní, "ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lẹ ń rò yẹn. Ẹ máa rò ó nìṣó ní pálọ̀." Ìdí tí Àlàájà fi jáde du ipò alága nìyẹn. A mọ̀ pé a pọ̀ ju àwọn tó wà lẹ́yìn Bàbá lọ.

Títò là ń tò nígbà náà. Ẹni tó o bá fẹ́, o ó lọ dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí fèrè bá bá ọ, ibẹ̀ ni ìbò rẹ wà. Lọ́jọ́ náà, ìlà tó wà lẹ́yìn Àlàájà gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá kò tíì dé. Ẹ̀yìn àga òfìfo làwọn tiwọn tò sí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n lọ dúró níwájú àga náà, wọ́n kọjú sí wa.

Ẹ kúkú mọ̀ wá. Ta ni yóò dúró gbọnrangandan bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wọlé? A yà kúrò lórí ìlà, a lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Àlàájà tó ń díje fúnra rẹ̀ fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ ò ní ṣìnà."

Fèrè dún.

Kí a tó dìde, ọkùnrin tó ń darí ìbò ti ń ka orí wa mọ́ ti Bàbá.

"Bọ̀dá, kíkí la wá kí wọn," Àlàájà wí. "Àbí èmi tí mò ń díje náà dìbò fún wọn ni?"

"Mà, ẹsẹ̀ ni mo ń kà. Mi ò ka ọkàn."

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Àlàájà gan-an mọ ẹni tó yẹ." Àwọn tó tò sẹ́yìn Bàbá rẹ́rìn-ín.

A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, a ní a kò lọ. Bàbá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ta ló fipá mú yín kúnlẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni sà," Àlàájà dáhùn. "Ọwọ́ ẹ̀yin la ti kọ́ ọ."

Bàbá wolẹ̀. Mo rò pé wọn yóò ní kí a tún un tò. Wọ́n kàn ní, "Ó ti parí," wọ́n sì jáde. Àwọn kan ní Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé ni. Èmi ò lè búra sí i.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ là ń jókòó sí ní gbogbo ìpàdé, a kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan. Ó pẹ́. Eékún dun àwọn kan, wọn ò wá mọ́. Ọkọ àwọn mìíràn bínú. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ gbà pé kí a máa fi ìwé dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí a tún dìbò, Àlàájà wọlé, ìwé wa ló sì kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá la fi kádìí rẹ̀, nítorí àgbà ló ń kádìí ọ̀rọ̀.

A gbé e lọ sí Lakowe. Màmá jókòó síwájú ilé, wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn wa ti ń bọ̀.

"Orúkọ mi dà?"

Mo mú ìka wọn, mo gbé e lé orúkọ náà. Wọ́n fi ìka rìn lọ, rìn bọ̀.

"Ó jọ̀lọ̀," wọ́n ní. "Bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni. Wọn ò kàn sọ fún wa pé baba lè ti jáde nílé kó tó pè é. Ẹ̀yin lẹ ń jẹ èrè ìjà náà: ẹnikẹ́ni kò ní ka ìkíni yín sí ìbò mọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àsìkò ni wọ́n jí mọ́ Màmá lọ́wọ́, kò sì sí ìbò tó lè dá a padà.

Mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tiwọn fún wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ̀. "Má fò wọ́n. Àwọn tó ṣáájú mi nínú ìwé, jẹ́ kí n gbọ́ wọn." A wá pín in láàárín ara wa pé kí a máa lọ kà á fún wọn ní Sátidé. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí eléyìí lọ, ọ̀nà ò dáa fún tọ̀hún, ó sì ti ń rẹ èmi náà. Ọ̀rọ̀ Àlàájà la dé. A ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ Màmá.