Bí Bọ̀nì Onígàárì Ṣe Kọ́ Ẹṣin Gígùn

Abẹ́ ikùn ẹṣin ni Bọ̀nì Onígàárì wà lọ́jọ́ tí ìlú kọ́kọ́ rí òun àti ẹṣin pọ̀. Orí rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú irin ìtẹsẹ̀, gàárì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sì ti yí bọ́ sísàlẹ̀. Ọgbọ́n ẹṣin ni pé bí a bá ń so ọ̀já mọ́ ọn nínú, á fẹ́ ikùn. Bí a bá so ó tán, á mí síta, ọ̀já á sì dẹ̀. Gbogbo ọmọdé ilẹ̀ Bàrìbá ló mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fa ọ̀já náà lẹ́ẹ̀kejì. Bọ̀nì kò mọ̀. Nígbà tí a sáré dé láti fà á yọ, ó ní ká fi òun sílẹ̀ ná.

"Mò ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà."

Láti èwe ló ti ń rán gàárì. Kò sí ọmọ ọba láti Níkì dé Kàndí tí kò jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, kò sì sí èyí tí kò gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀: orókún ni kí o fi di ẹṣin mú, má fi ìjánu dá a lóró. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé kò sẹ́ni tó ronú bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti gun ẹṣin rí.

Àṣírí tú nígbà tí Baálẹ̀ fi í jẹ Olórí Gàárì. Ẹni tó bá jẹ oyè yìí gbọ́dọ̀ gun ẹṣin wọ pápá lọ́jọ́ Gáánì, ọdún ẹṣin wa, kí fèrè kàkàkí tó dákẹ́. Bó bá fẹsẹ̀ rìn dé, oyè ti bọ́ nìyẹn. Sàbí tó ń ta awọ ló ti ń fojú sí oyè náà tẹ́lẹ̀, látìgbà tó sì ti bọ́ sọ́wọ́ Bọ̀nì ni àwọn méjèèjì kò ti kíra mọ́. Sàbí ní òun ti rán ẹ̀wù oyè sílé, òun kàn ń dúró de kí ẹnì kan ṣubú ni.

Bọ̀ná ìyàwó Bọ̀nì ló gbà láti kọ́ ọ. Ọmọ ìdílé ọba ni, ó ti ń gun ẹṣin kí eyín rẹ̀ tó pàrọ̀. Ó gbé ọkọ rẹ̀ ka orí ògiri kúkúrú ẹ̀yìn ilé, ó so ìjánu mọ́ igi òrí níwájú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ na ẹ̀yìn yín. Ẹ jókòó bí ẹni tó ń retí oúnjẹ."

"Ṣé ẹni tó ń gẹṣin kì í jẹun ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ògiri gbà yín ná."

Bí ẹni tó ń kọjá bá bi Bọ̀nì pé ibo ló ń lọ, á ní Pàràkú lòun ti ń bọ̀, eruku ọ̀nà ti pọ̀ jù.

Nígbà tó kúrò lórí ògiri bọ́ sórí ẹṣin tòótọ́, orí ìdúró ló ti jẹun alẹ́. Kì í ṣe ìrora ló dùn ún, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ ọ́ rí. Ó gba ilé ọmọ ọba àgbà kan lọ, ó bi í bóyá bí gàárì òun ṣe ń ta àwọn náà nídìí nìyẹn. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Láti ayé bàbá mi."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ta ni yóò gbọ́ pé ìdí ń ro ọmọ ọba?"

Bọ̀nì tú gbogbo gàárì tó wà nílé, ó gbé ojú rírán kúrò níbi tí èèyàn ń jókòó lé. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ọba wa ti ń rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin.

Ẹṣin tó wá rà, ti akígbe-oríkì kan tó ti kú ni. Ó tutù bí àgùntàn, àmọ́ àwọn tó tà á gbàgbé láti sọ ohun kan: bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé tí olówó rẹ̀ ti máa ń kígbe oríkì, á dúró, kò sì ní gbẹ́sẹ̀ àfi bí onílé bá jáde wá fún un ní nǹkan. Kíákíá ni ìlú gbà pé kò sẹ́ni tó mọ àgbà kí bíi Bọ̀nì.

Ó di ọjọ́ Gáánì. Kàkàkí ti ń dún ní pápá, Bọ̀nì ti wé láwàní, ẹṣin ń rìn dáadáa. Ó dé ẹnu ọ̀nà Sàbí, ó dúró.

Bọ̀nì fi gìgísẹ̀ gbún un. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó rọra sọ fún un létí irú ẹni tó ń gbé ilé náà. Ẹṣin kò gbọ́. Sàbí sì wà nínú ilé, nínú ẹ̀wù oyè. Kò ní ohunkóhun láti ṣe ju kó jókòó jẹ́ẹ́ lọ, kí kàkàkí dákẹ́, kí oyè di tirẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn ti ń dúró wòran, Bàrìbá sì ni Sàbí. Kí ẹṣin akígbe-oríkì dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ kó sì lọ lọ́wọ́ òfo, ikú yá ju ìyẹn lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sàbí jáde, ó ju obì sínú àpò gàárì.

"Ẹṣin ni mo fún."

"Ẹṣin náà ló kí ọ. Èmi ò lanu."

Kàkàkí kù díẹ̀ kó dákẹ́ nígbà tí Bọ̀nì wọ pápá. Baálẹ̀ mi orí pé ó ti tó, oyè mọ́ ọn lórí. Gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ iyán, Bọ̀nì nìkan ló kù lórí ẹṣin. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Bọ̀ná kò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣíṣubú ló ti máa ń ṣubú.

Pápá dá. Sàbí ló padà wá. Ó dúró lápá òsì ẹṣin, ó rẹ èjìká sílẹ̀ fún un. Bọ̀nì fọwọ́ lé e, ó wálẹ̀ gbì bí àpò iṣu. Àwọn méjèèjì fa ẹṣin lọ sílé, wọ́n ń jiyàn lórí awọ tó le jù títí a kò fi gbọ́ ohùn wọn mọ́. Iyàn náà ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ọdún dé ọdún.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni Bọ̀nì kú. Sàbí, tó ti darúgbó, ló ní òun ni yóò wọ inú sàréè lọ gbà á. Àwọn tó gbé e wá fẹ́ yára, Sàbí gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ rọra. Kò mọ̀ ọ́n sọ̀ kalẹ̀."

Àwa kan rẹ́rìn-ín. Ó gbà á sí èjìká, ó tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́.