Lẹ́tà Tó Kí Ìyá Ìyanu Lẹ́ẹ̀mejì

Láàárọ̀ àná, fóònù mi dún ṣín. Ilé ìfowópamọ́ ló ń kí mi kú ọjọ́ ìbí. Orúkọ mi pé, àdúrà náà dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó jókòó kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ pé irú ẹ̀rọ tó ń yan ìkíni fún ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wà ní Okokomaiko nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin.

Ìjọ wa ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fúnkẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, níbi tí èéfín bọ́ọ̀sì ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Aṣọ léèsì ni wọ́n fi ń bò ó bí ìyàwó tuntun.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọ fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìdílé gbogbo. Àǹtí Fúnkẹ́ kọ ẹyọ lẹ́tà kan, ó wá ki àṣẹ bọ inú rẹ̀: bí nọ́ńbà tí a kọ síwájú orúkọ ìdílé kan nínú ìwé orúkọ ìjọ bá jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ̀rọ kọ “Ẹ kú ewu ọmọ”; bó bá jẹ́ èjì, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, tí a fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀; bí kò bá sí nọ́ńbà kankan, “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè”. Lábẹ́ ìkíni kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ kọ “dúró”, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á ṣubú lu èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ó gbàgbé “dúró” ti abiyamọ.

Àwọn lẹ́tà ti kúrò nílẹ̀ kí n tó rí ẹ̀dà ti Ìyá Ìyanu, abiyamọ kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, ẹni tó fi omijé wá ọmọ. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

“Yéè! Àǹtí, ẹ ti pa mí! Ẹ ti kí abiyamọ kú ọ̀fọ̀!”

“Ṣé ìjà lo fẹ́ bá mi jà ni, àbí o fẹ́ sáré? Bọ́ sórí ọ̀kadà, jàre!”

Títí a fi dé Ìbà, níbi tí Ìyá Ìyanu ń gbé, ara mi kò balẹ̀. Mo ka Sáàmù, mo já a, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́,” ni ọlọ́kadà wí fún mi. “Ẹ fẹ́ fi orúnkún fọ́ mi níhà.”

Iwájú ilé ni mo bá Ìyá Ìyanu, ọmọ lórí itan, lẹ́tà lọ́wọ́, omi lójú. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ n gbà á, màá tẹ òmíràn wá.”

Ó fà á mọ́ àyà. “O ò ní gbà á.”

Ó ní ọmọ kan ti ṣíwájú Ìyanu, tí kò dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

“Omi ló dànù, agbè ò fọ́, ohun tí gbogbo ayé sọ nìyẹn. Wọ́n ní n má sunkún. Kò sẹ́ni tó kí mi kú ọ̀fọ̀.” Ó fi ìka tẹ ìlà kejì. “Àfi ìwé yìí.”

Ẹ̀rọ ti gbọ́n ju tìgbà yẹn lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún ọmọ ènìyàn lọ́gbọ́n. Kì í gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí ìkíni tó tètè parí. Ọlọ́run kò fi nọ́ńbà kan ṣoṣo síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá lọ kí abiyamọ lónìí, tí mo ti gbé ọmọ, tí mo ti gbàdúrà, n kì í tètè dìde. Mo máa ń jókòó díẹ̀ sí i, bóyá ìkíni kan ṣì kù.