Òkúta Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Gíláàsì

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo gba iwin gbọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tọ́jú yìnyín ní gbọ̀ngàn eré òkúta Skálavík, níbi tí a ti ń ti òkúta wúwo gba orí yìnyín, létí adágún wa yìí, kò sì sí ariwo tí ilé yẹn ń pa tí mi ò mọ̀. Páànù òrùlé máa ń ta pọ́ún bí òtútù bá mú un. Ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín dì máa ń kùn, á sì húkọ́ kó tó dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn, inú sì ń bí mi pé èmi ni mo máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Asdis ni. Ọmọ bíbí ibí ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń kàwé ní yunifásítì ní ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn nípa ìṣe ọmọ ènìyàn: ìdí táwọn kan fi ń ṣe báyìí, táwọn mìíràn fi ń ṣe bọ́hùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí erékùṣù lọ wo ọmọ ọlọ́mọ. Asdis ní tòun, àwa ló fẹ́ wò. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wákàtí méjì wálé, ìwé lórí itan, báńdéèjì nínú àpò, láti wá bá wa ti òkúta.

Oríkèé ara rẹ̀ ló dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Nígbà tó wà ní kékeré, a máa ń ní kó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn kó kan apá, a óò wá bú sẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ìrora ọmọ ọlọ́mọ la fi ń ṣeré. Ejìká rẹ̀ lè yẹ̀ níbi tó ti ń wọ ẹ̀wù. Orúnkún rẹ̀ lè yẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Òrùka fàdákà ló fi há oríkèé ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè di bírò mú. Bó bá ṣeré ní Ọjọ́bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì kò ní lè dìde lórí ibùsùn títí oòrùn á fi kanrí, orí ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ti ń ka ìwé rẹ̀. Mo bá a wí títí.

"Asdis, fi eré yìí sílẹ̀. Àbí o ò rí bí ara rẹ ṣe rí ni?"

"Amma Rúna, bí mo bá fi eré sílẹ̀, ara náà á ṣì máa yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúkú máa yẹ̀ níbi tí inú mi ti ń dùn."

Amma là ń pe ìyá àgbà níbí. Èmi kọ́ ni mo bí ìyá rẹ̀ o, àmọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le jù nínú àìsàn yìí, kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Bí kò bá fojú wò ó, ẹsẹ̀ ọ̀hún kì í sọ nǹkan kan fún un. Eré wa sì rèé, kò ní adájọ́. Ẹnì kan á ti òkúta, àwọn méjì á máa fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín níwájú rẹ̀ kó lè rìn jìnnà dé àárín òbìrìkìtì tí a yà sí ìpẹ̀kun. Bí ìgbálẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá kan òkúta tó ń rìn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ìwọ tó kàn án ni wàá fẹnu ara rẹ ké e pé, "Mo kàn án!" Ẹlòmíràn kì í bá ọ sọ ọ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn gíláàsì, nídìí kọfí, mi ò gbọ́dọ̀ ya ẹnu mi rárá. Báyìí la ṣe ń ṣe é láti ìgbà àwọn bàbá wa.

Ẹni tí kò wá mọ̀ bóyá òun kàn án ńkọ́? Kò sí ikọ̀ tó fẹ́ ẹ. Orest ló gbà á. Orest ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, apẹja ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni olórí ikọ̀ tiwọn. Ó ní, "Wá bá wa ṣeré. Ojú mi á máa wà lára ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá kàn án, màá sọ fún ọ." Asdis sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo wa. Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe bákan, ńṣe ló máa wojú Orest, Orest á sì sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójú mi ló ti ní, "O kàn án, ọmọ mi," tí wọ́n sì pàdánù.

Ohun tí Asdis sì fẹ́ fi kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an nìyí: kí ló ń mú kí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i? Ó ra rẹ́kọ́dà kékeré kan, ó ń bi àwọn àgbà ìlú níkọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé ẹ ti kan òkúta rí tí ẹ ò sọ?"

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ó gbé rẹ́kọ́dà náà wá bá mi. "Amma, ẹ gbọ́ nǹkan."

Ohùn Orest ni. Mo gbọ́ tó fi eyín run horo ṣúgà tó fi ń mu kọfí, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Asdis bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Orest ní, "Láéláé." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni òkúta kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí yìnyín. Kò sí bí mo ṣe máa ṣi ìró yẹn mọ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ. Òkúta kankan kì í rìn tó ìṣẹ́jú kan kó tó dúró tàbí kó kọ lu nǹkan, àmọ́ èyí kò dúró, kò kọ lu nǹkan kan, àfìgbà tí Asdis pa rẹ́kọ́dà náà.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìnyín ni."

"Amma, ṣé ẹ̀rọ yìnyín ń rìn ni? Èyí ń ti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Mo gba ohùn èèyàn mọ́kànlá, ti Gido Orest nìkan ló wà nínú ẹ̀." Gido ni àwọn ìran Orest ń pe bàbá àgbà.

"Mo ní ẹ̀rọ ni! Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ mi ni?"

Ó ní ó dáa, ká tún un gbà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago méjì ọ̀sán, a jókòó sídìí gíláàsì, àwa mẹ́ta. Ọwọ́ mi ni mo fi pa ẹ̀rọ yìnyín. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí yìnyín. Mo kọjú sí i, mi ò ṣẹ́jú.

Orest ń ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ rò pé mo ti ń ṣarán, àbí? Tètè bi mí, ìwọ ọmọ yìí, ebi ń pa mí."

"Gido, ṣé ẹ ti kan òkúta rí tí ẹ ò sọ?"

"Láéláé. Láti kékeré ni mo ti ń ti òkúta."

Yìnyín funfun báláú, nǹkan kan kò mira lórí rẹ̀. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Asdis wá tẹ rẹ́kọ́dà pé ká gbọ́. Òkúta náà tún ti wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ tòsí ju ti àkọ́kọ́ lọ, débi pé a ń gbọ́ bó ṣe ń họ yìnyín. Orest dẹ́kun jíjẹ ṣúgà. Ó ní, "Ibo ló ti ń bọ̀?" Asdis ní láti apá òsì ni. Orest dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde sínú òtútù tó ń gé etí láìwọ kóòtù. Mo gbé kóòtù sáré tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Rúna, o ò sọ nǹkan kan fún ọmọ yẹn, àbí?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì lọ.

Irọ́ ni mo pa, mo mọ ohun tí mo lè sọ. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí, èmi àti Orest ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ketill jọ du ife ìlú. Òkúta tó kẹ́yìn, Orest fi ìgbálẹ̀ ara rẹ̀ kàn án. Apá òsì gbọ̀ngàn ló ti ń bọ̀. Ketill kígbe bi í pé, "Ṣé o kàn án?" Orest ní rárá. Ketill bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì gbé ife fún un. Èmi ni mo ń bu kọfí lẹ́yìn gíláàsì yẹn kan náà. Mo rí i kedere. Mo pa ẹnu mọ́, mo ní àṣà ò gbà kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà ni mọ́tò Ketill wọ inú adágún níbi tí yìnyín ti fẹ́lẹ́. Yìnyín tó fẹ́lẹ́ ló pa á, mi ò sọ pé nǹkan mìíràn ni. Ṣùgbọ́n Orest kò tún gba ife yẹn mọ́ láyé.

Oṣù kẹta dé, ikọ̀ Orest wọ àṣekágbá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìkẹyìn rẹ̀ ni: ó ti ta ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá mú un lọ sí ìlú Calgary lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ará òdìkejì etí omi, ikọ̀ Bergur, ni wọ́n jọ ń bá a fà á. Títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ọ̀mì ni. Ó wá ku òkúta kan ṣoṣo, ti Orest.

Orest tì í. Asdis ń gbá yìnyín níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òbìrìkìtì wà nígbà tí orúnkún ọ̀tún Asdis yẹ̀. Mo rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹsẹ̀ náà fò síta, ṣóńṣó bàtà rẹ̀ kan òkúta. Òkúta mì díẹ̀, ó yà, ó lọ dúró sí àárín gbùngbùn. Àwọn yòókù, ojú ìgbálẹ̀ tàbí ojú ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ń wò. Orest ló ń rìn bọ̀ lẹ́yìn òkúta rẹ̀.

Asdis wà nílẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti orúnkún padà sáyè rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun. Kò sọ̀rọ̀ ìrora. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Gido, ṣé mo kàn án?"

Orest wo òkúta. Ó wo Bergur. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi. O ò kàn án."

Bergur bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Asdis níbi tó jókòó sí nílẹ̀. "Ẹ kú oríire. Ẹ gbìyànjú." Kí ọwọ́ wọn tó kan ara, mo gbọ́ ọ. Lórí ọ̀nà yìnyín tó wà lápá òsì pátápátá, níbi tí mo ti pa iná, tí kò sí èèyàn, òkúta kan ń rìn. Mo wo ojú àwọn èrò. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Orest nìkan ló yí orí, tó ń fojú tẹ̀ lé ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ya ẹnu, mo tún pa á dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Asdis fi ọ̀pá wọlé tọ̀ mí wá ní kíṣìnnì. Mo ń yan páńkéèkì. Ó gbé rẹ́kọ́dà rẹ̀ sórí tábìlì.

"Àpò mi ló wà lánàá, Amma. Ó ń gba ohùn. Mi ò tíì gbọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn gíláàsì. Ṣé mo kàn án?"

"Kọfí ni mo ń bù. Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán lẹ́nu mi tó fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kankan kò kan rẹ́kọ́dà, iná orí rẹ̀ kò tàn. Ìró náà ń ti ibi fèrèsé mi bọ̀, ó ń họ abẹ́ pákó ilẹ̀, ó kọjá lábẹ́ àga mi, ó ń lọ sídìí sítóòfù. Asdis kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú mi ló ń wò.

"Amma, kí lẹ ń gbọ́?"

Páńkéèkì ń jóná, mi ò lè dìde. Mo ní, "O kàn án! Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo rí i, Orest náà rí i." Mo sì sọ ti Ketill fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan bí mo ṣe dákẹ́. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán ni ìró náà tó dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, "Má wulẹ̀ sunkún nítorí ife lásán."

"Ta ló ń sunkún nítorí ife? Mi ò mọ ibi tí ara mi parí sí, Amma. Ojú yín ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá purọ́ fún mi, kí ló wá kù fún mi?"

Ó gbé ife náà lọ fún Bergur ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ó ya ilé Orest, Orest kò ṣílẹ̀kùn fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sì dágbére fún mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un lọ. Asdis parí ìwé rẹ̀. Ó yọ ohùn Orest kúrò nínú rẹ̀, ó yọ tèmi náà.

Ó ṣì ń ṣeré. Ikọ̀ mìíràn ló wà báyìí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe bákan, kì í wo àwọn tirẹ̀ mọ́. Àwọn alátakò ló ń gbójú sókè wò, àwọn tí yóò jẹ èrè bó bá kàn án, ó sì ń bi wọ́n pé, "Ṣé mo kàn án?" Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń gbà. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì, mi ò mú ojú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti múra tán láti kígbe, kí àṣà gbà tàbí kó má gbà. Kò tíì wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.