Òórùn Máńgòrò ní Yàrá Àbúrò Mi

Lóko kòkó wa ní Odígbó, ewé kì í jẹ́ ká rí ara wa. Igbe la fi ń wá ara wa: ẹnìkan á ké “hùúù”, ẹnìkejì á ké dáhùn. Ọjọ́ tí mo ké sí àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ pé ikọ́ ló fi dáhùn, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá.

Onínúfùfù ni mí, n kò ní purọ́. Kí n tó bi í ní ìbéèrè kan ni mo ti dájọ́ pé oògùn kòkó ló fà símú. Òun ló ń fín kòkó wa, kì í sì í bo imú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá húkọ́ lásìkò ìfínkòkó, epo pupa la ó fún un mu, a ó sì ní kó jókòó sílé. Ìyá wa ń bu epo fún un láràárọ̀. Èmi gba ẹ̀rọ ìfínkòkó lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní n kò gbọdọ̀ bá a níta.

Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó nílé bi í bóyá ó ń mu sìgá, ó ní òun kì í mu ún. Nígbà tó yá, kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé kó má jókòó mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé a máa pàdánù rẹ̀, mo sì ń fi ariwo bo ẹ̀rù náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn, òórùn máńgòrò gbà mí nímú. Oṣù kọkànlá la wà, kò sí máńgòrò lórí igi kankan. Mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀, mo bá fépù lábẹ́ rẹ̀, sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì Òrè, òun ló ń ta òórùn máńgòrò náà.

“Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún nọ́ọ̀sì pé o kì í mu sìgá?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní iná, kò ní eérú. Mi ò kà á sí sìgá.”

Ilé tí mo há a mọ́ ló ti ń ráyè fà á láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn dùn mí dé egungun.

Mo ju fépù náà sínú báàgì mi, a gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó yẹ fépù náà wò, ó ní ohun tó ń fà yìí ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó ní ká má fún un lépo mọ́. Wọ́n fi ọkọ́síjìn sí i nímú, èmi sì ń sùn lórí bẹ́ǹṣì títí tó fi lè máa mí fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tó jáde ní ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mú un lọ sí gáréèjì láti bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ nípa fépù. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dúró mí, ó tún sọ. Ibi tó ti dúró mí yẹn ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn. Awakọ̀ kan yọ fépù tirẹ̀ lápò, ó jù ú sínú garawa táwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé wá, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a ń kórè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi àti ìyá wa jọ ń fọ́ kòkó. Mo ké sí àbúrò mi. N kò gbọ́ nǹkankan. Mo tún ké. Láti etí odò lọ́hùn-ún ló ti dáhùn, “Hùúùúù,” ó gùn, kò sì já lágbedeméjì. Ìyá wa sọ àdá sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bú u pé ó pẹ́ kó tó dáhùn.