Josiah Dúró Kí Ọ̀gá Sọ̀rọ̀ Tán

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Josiah Adéwuyì kú ní Abà Agbọ́nyín, lọ́nà Lálùpọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rédíò. Ejò ló ṣán an níbi tó ti ń gé koríko lẹ́yìn ilé ìtọ́jú aláìsàn wa. Ṣùgbọ́n ejò nìkan kọ́ ló pa á. Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ irú ìwé báyìí. Bí n kò bá kọ ọ́, ta ni yóò kọ ọ́?

Ìwé kejì nílé ẹ̀kọ́ ni mo kà dé. Kòkó ni mo fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun ni mo fi ra ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, èmi náà ni mo sì yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ilé ìtọ́jú náà wà. Nígbà tí ọ́fíìsì ìlera ìgboro gbé rédíò tí gbogbo abà jọ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ wá lọ́dún 1991 pé ká máa fi pe ọkọ̀ aláìsàn, èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Josiah, òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú tó ń mójútó rédíò náà, gbá ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ rọra. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹnìkan ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ tí èmi Ọlájídé yóò dúró dè?"

"Ó lè jẹ́ aláboyún. Bí ẹni méjì bá tẹ bọ́tìnnì pọ̀, a ò ní gbọ́ ti ẹnìkankan. Owó yín ò ràn án, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá mi sọ irú ẹ̀ o.

Bó ti ń ṣe nìyẹn fún ọdún mẹ́rin: yóò fetí sílẹ̀ ná, kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ béèrè oògùn ibà, ó gbọ́ ohùn agbẹ̀bí kan tín-ín-rín láti abà tó jìnnà; ẹ̀jẹ̀ ń dà lára aláboyún. Ìgboro kò gbọ́ ọ. Josiah ló bá a tún un sọ. Ìyá yè, ọmọ yè. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Josiah? Ẹ má dá mi lóhùn.

Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì Títíladé wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Ilé ìtọ́jú wa kò ní oògùn oró ejò, ọkọ̀ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti lọ sọ́jà. Èyí ń dùn mí títí dòní. Josiah fetí sí rédíò: ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbò tó fẹ́ rà. Bí ọ̀gá ti sinmi díẹ̀, Josiah bọ́ sí i.

"Ẹ gbà mí, sà, ejò—"

"Ta nìyẹn? Àgbà ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń já lu ọ̀rọ̀? Dúró kí n sọ̀rọ̀ tán!"

Títíladé pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn, ẹ tún pè!"

"Ó ti tẹ bọ́tìnnì padà. Ohùn mi kò ní wọlé," ni Josiah wí.

Ó dúró. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àgbò máa fi tán, ahọ́n Josiah ti wúwo. Títíladé ló pè. Òkú ni ọkọ̀ wá bá.

Àwọn akọ̀wé ló gbé rédíò wá, wọn kò mọ̀ pé à á kọ́kọ́ gbọ́ ni. Èmi wá ni púrúǹtù.

Lánàá, lẹ́tà wọn tẹ Dorothy, opó Josiah, lọ́wọ́. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kò pè lásìkò. Kódà, wọn kò kí i kú ọ̀fọ̀.

Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò sí, pẹ̀lú aago. Mo ń béèrè rẹ̀ ní gbangba. Ẹ ṣí i sí Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá. Kí ọ̀gá náà má kọ lẹ́tà, kó má rán mẹ́séńjà. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Abà Agbọ́nyín, kó jókòó síwájú Dorothy, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé: "Ọkọ yín pè. Èmi ni mo ní kó dúró."